Irin Tí Ń La Ẹnu Ọgbẹ́ fún Oníṣẹ́ Abẹ

Ní Ìdí-Àràbà, níbi tí Múṣin àti Sùúrùlérè ti pààlà, ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Èkó wà, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí LUTH. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, abẹ tí ń la ara àti abẹ́rẹ́ tí ń rán an ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Irinṣẹ́ mìíràn wà tí kì í gé nǹkan, tí kì í sì í rán nǹkan, ṣùgbọ́n tí dókítà kò lè ríran ṣiṣẹ́ láìsí i. Òun ni irin tí a fi ń fa ẹnu ọgbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kí ó má baà padé. Retractor ni àwọn dókítà ń pè é. Nínú àròkọ yìí, irin ìlanu ni èmi yóò máa pè é.

Ara ènìyàn kì í fẹ́ kí ibi tí a là sí i wà ní ṣíṣí. Awọ a máa sún padà, ọ̀rá a máa ya wọ inú ihò náà, ìfun a sì máa yọ́ bọ̀ sójú iṣẹ́ bí ẹja àrọ̀. Bí iṣan kan bá ń da ẹ̀jẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ikùn, dókítà kò lè dì í bí kò bá rí i. Bí ó bá sì fi ìkánjú di ohun tí kò rí dáadáa, ó lè di ọ̀pá tí ń gbé ìtọ̀ láti inú kíndìnrín mọ́ ọn, wàhálà tuntun sì dé nìyẹn.

Èyí tí ó rọrùn jù nínú àwọn irin wọ̀nyí ni èyí tí a ń fi ọwọ́ dì mú: pẹlẹbẹ irin tí a tẹ orí rẹ̀ bí ìkọ́. Irú èyí tí ń jẹ́ orúkọ Bernhard von Langenbeck, dókítà ará Jámánì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣì ń ṣiṣẹ́ títí di òní. Kò ní eyín, kò ní ìdè, kò sì sí ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ẹ̀rọ rẹ̀. Dókítà kékeré tàbí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni ó sábà máa ń dì í mú. Yóò dúró sójú kan fún wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò máa fa irin náà, nígbà púpọ̀ kì í tilẹ̀ í rí ohun tí ọ̀gá rẹ̀ ń ṣe nínú ihò náà. Bó pẹ́ bó yá, apá yóò rọ. Bí apá bá sì ti rọ, irin a yẹ̀, ohun tí dókítà ń wò a sì pòórá mọ́ ọn lójú nígbà tí abẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì tún rò ó wò pé ọwọ́ tí ó di irin mú kò lè ṣe iṣẹ́ mìíràn. Ní ilé ìwòsàn kékeré, tí dókítà kan àti nọ́ọ̀sì díẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún aláboyún lóru, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ẹni tí ó bá ti dé ọjà Ládìípọ̀ ní Múṣin yóò ti rí bí àwọn mẹkáníìkì ṣe ń fi jáàkì gbé mọ́tò. Mẹkáníìkì kì í fi èjìká rẹ̀ ti mọ́tò dúró. Ó ń gbé e díẹ̀díẹ̀, jáàkì a sì gba ìwúwo náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ àfi bí a bá tú u. Irú ọgbọ́n yìí ni ó wà nínú irin ìlanu tí ń dá dúró. Donald Balfour, ní ilé ìwòsàn Mayo ní Amẹ́ríkà, ṣe ti inú ikùn: apá méjì tí ń fa ẹ̀gbẹ́ ọgbẹ́ láti inú, àti ahọ́n kan láàárín. Ní àwọn ọdún 1930, Enrique Finochietto ní Buenos Aires ṣe ti àyà: ọ̀pá irin eléyín, pẹ̀lú ọwọ́ kékeré tí a ń yí kí egungun ìhà lè ya. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni a fi ń ya egungun àyà fún iṣẹ́ abẹ inú ọkàn, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Nàìjíríà ní Enugu lọ́dún 1974. Lẹ́yìn náà ni irú èyí tí a ń dè mọ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn fúnra rẹ̀ dé, tí ó ní òrùka ńlá tí a lè so ahọ́n púpọ̀ mọ́ yíká.

Ṣùgbọ́n ibi tí ìrọ̀rùn gbà wọlé náà ni ewu gbà. Bí ó bá ti rẹ ọwọ́ ènìyàn, ó ń dẹ irin náà láìmọ̀, ẹ̀jẹ̀ a sì ráyè kọjá nínú ẹran tí a tẹ̀. Irin kì í rẹ̀. Ìjàǹbá kan wà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ obìnrin mọ̀ dáadáa. Bí wọ́n bá ń yọ ilé ọmọ, tí ahọ́n irin sì gùn ju bí ikùn obìnrin náà ṣe jìn lọ, pàápàá bí kò bá sanra, orí ahọ́n náà a tẹ ẹran tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, pẹ̀lú iṣan tí ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí itan. Iṣẹ́ abẹ a parí, ọgbẹ́ a sì dára lójú. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin náà bá fẹ́ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, orúnkún rẹ̀ a yẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ń san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Síbẹ̀, ta ni yóò bá ìyá tí ó fi ìrìn ẹsẹ̀ ń tajà san owó oṣù wọ̀nyẹn?

Ìṣirò físíìsì kíláàsì yín tó láti fi yé e. Bí ipá newton 20 bá gba etí irin tí kò fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 2 lọ, newton 10 ni yóò bọ́ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ahọ́n náà bá fẹ̀ tó 20, newton 1 péré ni. Nítorí náà, ahọ́n tí ó fẹ̀, tí etí rẹ̀ yí róbótó, tí a fi aṣọ tútù tẹ́ lábẹ́, sàn ju èyí tí ó tín-ín-rín. Ẹni tí yóò ṣe irin ìlanu tí a lè tún ṣe gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà tí ahọ́n yóò fi lè gùn tàbí kúrú gẹ́gẹ́ bí ara aláìsàn, kí ó sì lè dagun láìjẹ́ pé a tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Ní tèmi, dídẹ̀ ni mo kà sí pàtàkì ju ṣíṣí lọ. Irin tí a lè fi ìka kan dẹ̀ ni dókítà yóò máa dẹ̀ lóòrèkóòrè. Èyí tí ó le tú, yóò fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ọ̀rọ̀ ohun tí a ó fi ṣe é kò gùn. Láti ìgbà tí Harry Brearley ti ṣe irin tí kì í dógùn-ún ní Sheffield lọ́dún 1913, irú irin bẹ́ẹ̀ ni ó gbayì jù, nítorí ó ń fara da ooru omi tí a fi ń pa kòkòrò àrùn, tí ó lè tó 134°C. Ṣíṣú pléètì PLA, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń tẹ nǹkan jáde láti inú kọ̀ǹpútà, ń rọ̀ ní nǹkan bí 60°C. Ó dára láti fi dán bí ohun náà yóò ṣe rí wò lórí tábìlì, kò yẹ kí ó dé iyàrá iṣẹ́ abẹ. Ojú irin náà kò sì gbọdọ̀ dán bí dígí, kí ìmọ́lẹ̀ má baà ta padà sójú dókítà.

Kékeré ohun kan ni nọ́ọ̀tì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀tì tí ó bá yọ lè ṣubú sínú ikùn. Ìdí nìyí tí a fi ń ka irinṣẹ́ kí aláìsàn tó kúrò ní iyàrá iṣẹ́ abẹ, bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe kọ ọ́ sínú ìwé àyẹ̀wò iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ní ọdún 2008. Bí àwọn ẹ̀yà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni kíkà yóò ṣe pẹ́ tó. Irin tí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kò lè kúrò lára ọ̀pá rárá ni mo rò pé ó yẹ wá.

Àwọn tí ó lè ṣe é kò jìnnà. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ LUTH gan-an. Igbóbì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1945 fún àwọn ọmọ ogun tí ó fara gbọgbẹ́, ń lo irin ìlanu lójoojúmọ́ lára egungun. Yaba Tech sì ti ń kọ́ni níṣẹ́ ọwọ́ láti 1947. Ẹni tí ó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ́kọ́ lọ bá nọ́ọ̀sì tí ń fọ àwọn irin náà lẹ́yìn iṣẹ́, kí ó sì bi í pé ihò wo ni ẹ̀jẹ̀ máa ń gbẹ sí tí búrọ́ọ̀ṣì kì í dé.