Oúnjẹ Wo ni Ti Fìríìjì, Oúnjẹ Wo ni Ti Kọ́bọ́ọ̀dù?

Ohun tí àgbẹ̀ kó wálé láti oko nìkan kọ́ ni ó ń bọ́ ilé rẹ̀. Ohun tí a rí pamọ́ ní dídára títí di ọjọ́ tí a ó jẹ ẹ́ ni. Jósẹ́fù ọmọ Jákọ́bù mọ èyí ní ilẹ̀ Íjíbítì. Ọdún méje ọ̀pọ̀ kì bá tí ṣe àwọn ará ilẹ̀ náà ní àǹfààní kankan nígbà ìyàn, bí kò bá sí àká tí ó gbẹ tí ó sì ní ìṣọ́. Mánà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì kan fi pamọ́ di ọjọ́ kejì lòdì sí àṣẹ sì fi hàn pé oúnjẹ mìíràn wà tí kò gba ìpamọ́ rárá.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti ní àwọn ìletò tí ó yí i ká, fìríìjì ti wọ ọ̀pọ̀ ilé. Nígbà tí ìyá ilé bá ti ọjà Òkè-Àjé dé, ó lè kó iṣu, tòmátì, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ sínú fìríìjì náà títí yóò fi kún, kí ó sì fi ìkòkò ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí ààrò di òwúrọ̀ nítorí pé kò sí àyè fún un mọ́. Báyìí ni ohun tí òtútù ń bà jẹ́ ṣe ń wà nínú òtútù, tí èyí tí kò lè ṣe aláìní òtútù sì ń wà nínú ooru. Owó a ṣòfò, inú a máa run àwọn ọmọ, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ẹ̀mí a lọ sí i.

ÀWỌN Ọ̀TÁ OÚNJẸ

Ọ̀tá oúnjẹ jẹ́ márùn-ún. Èkíní ni ooru. Èkejì ni ọ̀rinrin. Ẹ̀kẹta ni afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni eku àti kòkòrò. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ohun alààyè tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí. Louis Pasteur, onímọ̀ ará Faransé, ni ó fi hàn ní àwọn ọdún 1860 pé àwọn ohun tíntìntín wọ̀nyí tí ó ti ibòmíràn wọ inú omi ẹran ni ó ń bà á jẹ́, àti pé omi ẹran tí a sè dáradára tí a sì dí mọ́ wọn kì í bàjẹ́.

Ooru tí ó wà láàárín ìwọ̀n 5 àti ìwọ̀n 60 ti Celsius ni wọ́n ti ń gbilẹ̀, ooru ilẹ̀ Ìjẹ̀bú sì wà láàárín ìwọ̀n wọ̀nyí láti oṣù kìíní ọdún títí dé oṣù kejìlá. Òtútù fìríìjì, tí ó yẹ kí ó wà ní nǹkan bí ìwọ̀n 4, kì í pa wọ́n. Ó ń dá ọwọ́ wọn dúró díẹ̀ ni. Nítorí náà, oúnjẹ tí ó ti ń bàjẹ́ kí ó tó wọ inú fìríìjì kò lè sàn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí oúnjẹ kan yẹ kí ó wà, kí ó kọ́kọ́ béèrè ọ̀tá tí ó ń bá oúnjẹ náà jà jùlọ.

ÈYÍ TÍ Ó JẸ́ TI FÌRÍÌJÌ

Ooru ni ọ̀tá ẹran tútù, ẹja odò, òkú Èkó, wàrà tí a ti ṣí, ata lílọ̀, èso tí a ti gé, àti gbogbo oúnjẹ tí a ti sè. Fìríìjì ni ipò wọn. Kí a fi ẹran àti ẹja tútù sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, kí a sì gbé e sí ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ̀jẹ̀ wọn má bàa kán sórí oúnjẹ tí a kò ní sè mọ́. Bí a kò bá ní sè wọ́n láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, kí a gbé wọn sínú fìrísà kí wọ́n di yìnyín. Wàrà inú agolo tí a ti ṣí, kí a dà á sínú abọ́ tí ó ní ìdérí, kí a sì lò ó tán láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún nípa oúnjẹ tí ó gbé jáde ní ọdún 2001, kìlọ̀ pé oúnjẹ tí a ti sè kò gbọdọ̀ wà ní ìta ju wákàtí méjì lọ. Ìrẹsì ni ó yẹ kí a ṣọ́ra fún jùlọ, ìbáà ṣe ti òkè òkun, ìbáà ṣe ti Ọ̀fàdà. Irúgbìn ohun tíntìntín kan wà nínú rẹ̀ tí iná kì í pa nígbà tí a bá ń sè é. Bí ìrẹsì náà bá wà nínú ìkòkò di ọjọ́ kejì, irúgbìn yìí a jí, a sì tu májèlé sínú rẹ̀, bí a tilẹ̀ tún un gbóná, májèlé náà kì í kúrò. Èébì àti inú rírun tí ó ń tẹ̀lé e ni àwọn ènìyàn kan ń sọ pé ayé ni ó ṣe é.

Ẹni tí ó bá se ìkọ́kọrẹ́ tàbí ọbẹ̀ púpọ̀, kí ó bù ú sínú àwọn abọ́ kéékèèké kí ó lè tètè tutù, kí ó tó gbé e sínú fìríìjì. Odindi ìkòkò gbígbóná a máa gbé ooru fún ohun gbogbo tí ó bá bá níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni kò tọ́ kí a ki fìríìjì mọ́lẹ̀ bí àpò àgbàdo, nítorí afẹ́fẹ́ tútù gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà kọjá. Ní àkókò Iléyá, nígbà tí ẹran pọ̀ ní ìlú, tí àlejò sì kún fún Ojúde Ọba ní ọjọ́ kẹta ọdún náà, ó sàn kí a dín díẹ̀ tàbí kí a yan díẹ̀ gbẹ ju kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú fìríìjì kan tí kò ní lè mú un tutù.

ÈYÍ TÍ ÒTÚTÙ Ń BÀ JẸ́

Iṣu jẹ́ ohun alààyè síbẹ̀ lẹ́yìn tí a wà á tán. Òtútù tí ó bá lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 12 a máa pa á lára nínú. Bí a bá sì mú un jáde sínú ooru, a dúdú nínú, a sì jẹrà kíákíá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ewùrà tí a fi ń se ìkọ́kọrẹ́ àti kókò tí a fi ń ṣe ẹ̀bìrìpò. Ipò wọn ni ibi tí ó gbẹ, tí ó ní òjìji, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, tí wọn kò sì fi ara kan ilẹ̀ tútù. Iṣu tí ọkọ́ tàbí àdá bá ti ṣá lára, kí a kọ́kọ́ jẹ ẹ́, nítorí ojú ọgbẹ́ ni ìjẹrà ń gbà wọlé.

Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ a máa dúdú nínú fìríìjì, èyí tí kò tíì pọ́n kì í sì pọ́n dáradára mọ́. Tòmátì tí kò tíì pọ́n tán a máa pàdánù adùn rẹ̀. Èyí tí ó ti pọ́n tí ó sì ń rọ̀ nìkan ni ó yẹ kí a gbé sínú òtútù fún ọjọ́ díẹ̀. Àlùbọ́sà ń fẹ́ ibi gbígbẹ nínú agbọ̀n. Ọ̀rinrin fìríìjì a máa mú un rọ̀. Búrẹ́dì a máa tètè gan nínú fìríìjì ju bí ó ti ń gan ní ìta lọ, nítorí náà kí a ra ìwọ̀n tí a ó jẹ tán ní ọjọ́ méjì, kí a sì dì í dáradára. Oyin àti epo pupa kò nílò òtútù. Kí a dé wọn pinpin, kí a sì pa wọ́n mọ́ kúrò nínú oòrùn.

ÈYÍ TÍ Ó JẸ́ TI KỌ́BỌ́Ọ̀DÙ

Gàrí Ìjẹ̀bú ni olórí nínú ẹgbẹ́ yìí, òkìkí rẹ̀ sì kàn jákèjádò Nàìjíríà. Àwọn baba ńlá ti ṣe ìpamọ́ rẹ̀ kí ó tó dé inú kọ́bọ́ọ̀dù: wọ́n rin ẹ̀gẹ́, wọ́n fi í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi kan, wọ́n fún omi rẹ̀ jáde, wọ́n sì yan án títí ó fi gbẹ. Ìlànà àgbáyé sọ pé omi inú gàrí kò gbọdọ̀ ju ìdá 12 nínú 100 lọ. Bí ó bá ti gbẹ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀tá méjì péré ni ó kù fún un, ọ̀rinrin àti eku. Fìríìjì kò ṣe é ní rere. Agolo tàbí ike tí ìdérí rẹ̀ le ni ó tọ́ sí i. Kí a má ṣe fi ṣíbí tútù bù ú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú kéré eku. Ní ọdún 1969, nọ́ọ̀sì ajíhìnrere méjì kú ní ilẹ̀ Nàìjíríà nípa àìsàn kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlú Lassa, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí, ni a sì fi sọ àìsàn náà lórúkọ. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ irú eku kan ni ó ń gbé ibà Lassa wọ inú oúnjẹ. Gàrí tí a sá sí ẹ̀bá ọ̀nà, tàbí èyí tí ó wà nínú àpò tí eku ti jẹ ihò sí, lè di ọ̀nà ikú fún odindi ilé.

Ọ̀rinrin ni ọ̀tá àgbàdo, ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti èlùbọ́. Bí wọn kò bá gbẹ, wọn a bu, irú ohun tí ó ń hù lára wọn nígbà náà a sì máa tu májèlé tí a ń pè ní aflatoxin. Ní ọdún 1960 ni ayé kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀, nígbà tí tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nítorí oúnjẹ tí a fi ẹ̀pà bíbàjẹ́ ṣe. Ní ìlà-oòrùn Kenya ní ọdún 2004, àgbàdo tí àwọn àgbẹ̀ tọ́jú sínú ilé láìgbẹ mú kí ènìyàn 317 ṣàìsàn; 125 nínú wọn kú. Bí májèlé yìí ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀. Sísè kì í pa á, òtútù kì í pa á, fífọ̀ kì í sì mú un kúrò tán. Ẹ̀pà tí ó bu tàbí tí ó korò, kí a dà á nù. Kí a má ṣe fún adìyẹ jẹ.

Ní ti ẹ̀wà, kòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀, ìwòsàn tí àwọn kan sì ń lò burú ju àrùn lọ. Wọ́n ń da oògùn apakòkòrò tí a ń pè ní dichlorvos sí ohun tí ènìyàn yóò jẹ. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC fi òfin de ìgò kéékèèké oògùn náà. Ọ̀nà tí ó dára wà: àwọn onímọ̀ Yunifásítì Purdue ti Amẹ́ríkà, pẹ̀lú àwọn ará Kamẹrúùnù, ṣe àpò onípele mẹ́ta ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ọ̀rá nípọn méjì wà nínú rẹ̀, àpò híhun wà lóde. A ó di ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan pinpin. Àwọn kòkòrò a lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, wọn a sì kú. Ilé tí kò bá rí àpò yìí, kí ó da ẹ̀wà gbígbẹ sínú kẹ́ẹ̀gì mímọ́ tí ó gbẹ, kí ó kún dé ẹnu, kí a sì dé e le.

NÍGBÀ TÍ INÁ BÁ LỌ

Fìríìjì tí kò ní iná kò sàn ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ; ó tilẹ̀ burú jù ú, nítorí ó ní ọ̀rinrin. Bí a kò bá ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, yóò tutù fún nǹkan bí wákàtí 4. Fìrísà tí ó kún a máa gba nǹkan bí wákàtí 48, èyí tí ó kún dé ìdajì a sì gba 24. Nítorí náà, kí a má ṣe máa ṣí i wò. Lẹ́yìn wákàtí wọ̀nyí, ẹran tí ó ti yọ́ tí ó sì ti gbóná, kí a má ṣe dúró de òórùn kí a tó dà á nù, nítorí kì í ṣe gbogbo májèlé ni ó ń rùn.

Ilé tí kò ní iná rárá kò wà láìní olùrànlọ́wọ́. Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìhà àríwá Nàìjíríà, gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000 nítorí ìkòkò amọ̀ méjì tí ó fi ọ̀kan sínú èkejì, tí ó sì fi iyanrìn tútù sáàárín wọn. Bí omi iyanrìn náà ti ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́ ni inú ìkòkò ń tutù, gẹ́gẹ́ bí omi inú àmù ti ń tutù. A ròyìn pé ìgbá tí ó máa ń bàjẹ́ ní ọjọ́ 3 wà nínú rẹ̀ fún ọjọ́ 27. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni ó ń fẹ́, nítorí náà ìgbà ọyẹ́ ni yóò ṣiṣẹ́ jùlọ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní ìgbà òjò, agbára rẹ̀ kéré. Ẹ̀fọ́, ata àti èso ni kí a fi sínú rẹ̀. Kò tutù tó fún ẹran àti ọbẹ̀.

Fún ìyókù, kí a di ọgbà àtijọ́ mú: kí a yan ẹja gbẹ, kí a máa pààrọ̀ omi orí ògì lójoojúmọ́, kí a sì máa se ìwọ̀n tí ilé yóò jẹ tán ní ọjọ́ kan. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún yìí, kí olúkúlùkù kó ohun inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀ jáde, kí ó yẹ̀ wọ́n wò, kí ó sá èyí tí ó rin sí oòrùn lórí ẹní mímọ́ níbi tí eku àti adìyẹ kò lè dé, kí ó da èyí tí ó bu nù, kí ó sì dí ihò tí eku ń gbà wọlé.