Ìtàn Ayédé Nínú Géèmù Àwọn Ọmọ

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa la gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Tí wọ́n bá ti ilé ìwé dé sí ìsọ̀, fóònù wa ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbà, ó di géèmù. À ń pariwo pé ó ń jẹ bátìrì, ó ń jẹ dátà. Òótọ́ ni. Àmọ́ ṣé a ti bèèrè ohun tó ń kọ́ wọn?

Géèmù kì í ṣe àjèjì sí wa. Ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12, ọmọ ayò 48, ṣebí ìṣirò ló ń kọ́ ọmọ? Ẹ̀yin tí ẹ lo Nokia 3310 tó jáde ní 2000, ẹ ó rántí Bantumi inú rẹ̀. Ìbátan ayò ni.

Àwọn kan ti ń fi géèmù kọ́ni ní ìtàn. Ní 2018, Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé yọ ìjà kúrò nínú géèmù wọn kan lórí Íjíbítì àtijọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè máa rìn káàkiri ibẹ̀, kó máa gbọ́ ìtàn. Nílẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Kiro'o Games ní Kamẹrúùnù gbé Aurion jáde ní 2016, àṣà Áfíríkà ni wọ́n fi ṣe é.

Ohun tiwa náà ti wọ ibẹ̀. Ní 2019, àwọn ará Amẹ́ríkà tó ṣe géèmù SMITE fi Yemọja sí i, ó ń bá òrìṣà Gíríìkì jà. Yemọja yìí kan náà ni ọdún rẹ̀ jẹ́ ọdún ọba ní Ayédé, láti ìgbà Àtá Èṣùbíyì tó tẹ ìlú yìí dó ní nǹkan bí 1845. Onígbàgbọ́ ni wá, Mùsùlùmí ni wá, ìyẹn ò ní ká má mọ ìtàn ìlú wa.

Ọmọ tó mọ Yemọja inú fóònù, ṣé ó mọ Èṣùbíyì? Ṣé ó mọ̀ pé ogun ló kó àwọn ará Ìyè àtàwọn mìíràn jọ síbí? Ṣé ó mọ ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ bá Ìbàdàn jà láti 1877 sí 1886?

Ẹni tó ń ṣe géèmù ò lè fi ohun tí kò gbọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni ìtàn wà: oríkì, orin ọdún, orúkọ àdúgbò. Ẹ bi ọmọ yín pé ìtàn ìlú wo ló wà nínú géèmù rẹ̀, kí ẹ sì sọ tiwa fún un. Ẹ ní kó fi fóònù kan náà gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀. Bó bá di ọ̀la tí ọmọ wa kan kọ́ kọ̀ǹpútà, yóò rí nǹkan fi ṣe géèmù Ayédé.

Ọjà tí a kò pàtẹ, ta ni yóò rà á?