Ọkùnrin Tó Mọ Gbogbo Ilé Ìtọ̀ Lọ́kọ́ja

Alájì kì í wọ ṣòkòtò funfun mọ́. Dúdú ló wọ̀ látòkè délẹ̀ láàárọ̀ tí mo bá a jáde, bùbá rẹ̀ sì balẹ̀ dé orúnkún. Ọmọ Òwórò ni, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate fún un ní Àbújá. Ojú ọgbẹ́ ti jinná, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA sì fi hàn pé àrùn náà ò padà. Ó gbà kí n tẹ̀ lé òun lọ́jọ́ tó ń lọ rí dókítà, bí mi ò bá ti ní dárúkọ òun. Ó ní, “Ìwọ ṣáà máa wò. Bí mo bá ti dúró, wàá mọ ìdí rẹ̀.”

Bẹ́ǹṣì iwájú yàrá dókítà la kọ́kọ́ jókòó sí. Àwọn àgbà ọkùnrin kún un, ẹnì kan ṣì fi agbádá bo rọ́bà ìtọ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ owó epo àti omíyalé, kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì pé kí ló gbé e wá. Alájì rọra sọ fún mi pé ìpá lòun sọ fáwọn ọmọ òun pé wọ́n yọ.

Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ wà níbi gbogbo. Lloyd Austin, tó jẹ́ olórí ètò ààbò Amẹ́ríkà nígbà náà, ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kan náà lóṣù Kejìlá ọdún 2023. Nígbà tí àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ dá a padà sílé ìwòsàn lọ́jọ́ kìíní ọdún 2024, ọjọ́ mélòó kan kọjá kí Biden, Ààrẹ ìgbà náà, tó gbọ́. Ó padà tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọ̀nà mìíràn ni Wọlé Ṣóyínká gbé tirẹ̀ gbà: lóṣù Kọkànlá ọdún 2014, lẹ́ni 80 ọdún, òun fúnra rẹ̀ ló sọ fáwọn oníròyìn pé jẹjẹrẹ prostate ṣe òun, òun sì ti gba ìtọ́jú.

Nínú yàrá, dókítà ya àwòrán sórí bébà. Prostate kò ju asálà kan lọ. Abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Iṣan méjì ló ń dí ọ̀nà náà, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Bí wọ́n bá yọ prostate, ti òkè máa ń bá a lọ, ti ìsàlẹ̀ á wá máa dá ṣe iṣẹ́ ẹni méjì. Ìdí nìyẹn tí ìtọ̀ fi ń jò nígbà tí Alájì bá wúkọ́, tó bá rẹ́rìn-ín, tàbí tó bá dìde fùú.

Ti nǹkan ọkùnrin yàtọ̀. Àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín tó ń jẹ́ kó le lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ prostate lọ́tùn-ún lósì. Ọdún 1981 ni Patrick Walsh, oníṣẹ́ abẹ ní Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, àti Pieter Donker ti ìlú Leiden tó wá mọ ibi tí wọ́n gbà gan-an. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Walsh ṣe iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́ tó mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún wọn. Síbẹ̀, bí ọ̀bẹ ò tilẹ̀ kàn wọ́n, wọ́n á fara gbọgbẹ́, ó sì lè tó ọdún kan sí méjì kí wọ́n tó jí. Bí àrùn bá sì ti dé ara wọn, àfi kí wọ́n gé wọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn onífisiotẹ́rapì la gbà lọ. Dókítà Arnold Kegel ará Amẹ́ríkà ló kọ̀wé lórí eré ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ni níbẹ̀ lọ́dún 1948, fáwọn obìnrin tó ti bímọ. Àwọn ọkùnrin náà ti wá ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ọ̀dọ́bìnrin tó ń kọ́ Alájì ní kó fún ìdí rẹ̀ bí ẹni tó ń mú ìsó dúró, kó ka ení dé márùn-ún, kó tú u sílẹ̀, kó tún ṣe é, nígbà mẹ́wàá, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Kò gbọ́dọ̀ sé èémí, kò sì gbọ́dọ̀ fún ikùn. Kó tó wúkọ́ tàbí kó tó dìde, kó ti kọ́kọ́ fún un ná. Bàbá kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní, “Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.” Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Alájì náà rẹ́rìn-ín, ó sì rántí fún ìdí.

Ìta la ti rí ìjà gan-an. Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa gba Ganaja, bí a ṣe ń kó sí gegele, bẹ́ẹ̀ ló ń fọwọ́ tẹ itan. Ó ń fi hàn mí: ilé epo yìí ń ti ilé ìtọ̀ rẹ̀ pa, ti ọ̀hún ń gba owó, mọ́sáláṣí yẹn ni omi rẹ̀ kì í tán. Ó bẹ awakọ̀ kó dúró, ó wọlé, ó jáde. Ẹ̀rù ìrun ló kọ́kọ́ bà á lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, àfìgbà tí ààfáà là á yé e pé ẹ̀sìn ṣàánú ẹni tí ìtọ̀ rẹ̀ ò ṣeé dá dúró: kó wẹ ibẹ̀ mọ́, kó wọ ohun tó ń fà á mu, kó ṣe àlùwàlá, kó kírun.

Oòrùn Lọ́kọ́ja ò sì gba kéèyàn má mumi. Ó ti gbìyànjú ẹ̀ nígbà kan, ìtọ̀ rẹ̀ pọ́n, ó ń ta á. Ní báyìí ó ń mumi díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń dín in kù bí oorun bá ń súnmọ́, ó sì ń lọ tọ̀ kí ìtọ̀ tó gbọ̀n ọ́n. Obì ló ṣòroó fi sílẹ̀ fún un, nítorí kaféènì inú rẹ̀, bíi ti kọfí, ń fún àpò ìtọ̀ níṣẹ́ ṣe.

Ní ọjà, ó ra pampers àgbàlagbà ní kẹ́míìsì. Ọmọ tó ń tà á béèrè pé ṣé fún ìyá wọn ni, Alájì dákẹ́. Kò jìnnà síbẹ̀ ni àwọn tó ń ta burantashi, èèpo igi tí wọ́n lọ̀ kúnná, àti alágbo ọpa ẹ̀yìn wà, tí wọ́n ń ṣèlérí agbára lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo. Kò sí èèpo igi tó lè kánjú jí iṣan tó fara gbọgbẹ́. Ewu tún wà níbẹ̀: àjọ tó ń ṣọ́ oògùn ní Amẹ́ríkà ti bá sildenafil, oògùn tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin le, tí wọ́n fi pamọ́ nínú ọ̀pọ̀ oògùn tí wọ́n ní ewé lásán ni. Bí ẹni tó ń lo oògùn nitrate fún ọkàn bá gbé e mì, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ó sì lè kú.

Nílé, Alájà, ìyàwó rẹ̀, gbé omi fún wa. Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n bá a sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó gé e, wọn ò pè mí. Nígbà tó yí ẹ̀yìn sí mi, mo rò pé ó ti rí ẹlòmíì.” Oṣù mélòó kan ni wọ́n fi sùn bẹ́ẹ̀. Dókítà mìíràn ló pè wọ́n pọ̀ tó sì sọ gbogbo rẹ̀: pé àtọ̀ ò ní jáde mọ́, pé kò ní lè bímọ lọ́nà àdánidá mọ́, ṣùgbọ́n adùn rẹ̀ ò lọ, kódà bí kinní náà ò bá le. Sildenafil wà lábẹ́ ojú dókítà. Rọ́bà tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wọ inú rẹ̀ wà. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún sí i wà. Bí ìtọ̀ ò bá sì yéé jò lẹ́yìn bí ọdún kan, iṣẹ́ abẹ kékeré wà tó lè gbé ọ̀nà ìtọ̀ ró, tàbí èyí tó ń fi ìdè àtọwọ́dá sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ga. Alájà ní, “Ká ní mo ti mọ̀, mi ò ní bínú.”

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ yìí, ẹ mú ìyàwó yín dání lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kó tó mú ọ̀bẹ: ṣé ẹ máa lè yẹra fún àwọn iṣan tó ń jẹ́ kí nǹkan ọkùnrin le? Ta ló máa kọ́ mi ní eré ìdárayá, ṣé mo lè bẹ̀rẹ̀ ní báyìí? Bí ọdún kan bá pé tí ìtọ̀ ṣì ń jò, kí ló kàn? Ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún, ẹ má fi ìtìjú gbé e: ẹ padà lọ bá dókítà, nítorí ìtọ́jú ṣì kù.