Bálùù àárọ̀ lẹ fẹ́ wọ̀ láti Pleasure: ṣé ilé lẹ máa sùn ni, àbí òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀?

Ẹni tí kò bá mọ ìlú Èkó dáadáa, tó bá wo àwòrán ìlú náà, yóò ní kí ni ará Pleasure ń wá ní òtẹ́ẹ̀lì nítorí bálùù. Ikẹjà ni pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed wà, Pleasure kò sì jìnnà síbẹ̀ rárá. Àmọ́ ẹni tó bá ń gbé níbẹ̀ mọ̀ pé nítòsí kọ́ ni kíá. Ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó s'Abẹ́òkúta ni Pleasure wà. Èèyàn á gba Dópẹmú, á kọjá Cement àti Mangoro, á dé Ikeja Along, kó tó wá ọ̀nà tó máa gbé e wọ àdúgbò pápákọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí àwọn tó ń bọ̀ láti Abúlé-Ẹ̀gbá, Ìyànà-Ìpájà àti Ẹgbẹ́dá bá jọ já sójú títì kan náà, ìrìn tí kò tó nǹkan lè gba odindi wákàtí kan àtààbọ̀. Ti ẹni tó ń bọ̀ láti Ìkòtún tàbí Ìgàndò tún wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Bálùù kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá jẹ́ òkè òkun lẹ ń lọ, wákàtí 3 ni àwọn iléeṣẹ́ bálùù máa ń ní kí èrò ti dé ṣáájú, púpọ̀ nínú wọn ló sì máa ń ti káńtà wọn nígbà tó bá ku wákàtí kan kí bálùù gbéra. Bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá dé lẹ́yìn ìgbà náà, bí ẹ sunkún, bí ẹ bẹ̀bẹ̀, bí ẹ pe ọ̀gá àgbà lórí fóònù, ẹyọ kan ò ní í ràn yín lọ́wọ́. Ti ilẹ̀ wa níbí náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ bálùù aago 7 àárọ̀ lọ s'Àbújá gbọ́dọ̀ kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kò sì sí ẹni tí kò mọ ohun tó ń bẹ lójú títì láago 4 ìdájí. Ẹ̀rù àwọn adigunjalè ń bani, ọkọ̀ kò sì pọ̀.

Ọ̀kadà tí àwọn èèyàn fi ń sá fún súnkẹrẹ-fàkẹrẹ náà kò ṣe é gbójú lé mọ́. Ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà ní ìjọba ìbílẹ̀ 6, Ikẹjà sì wà nínú wọn. Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, wọ́n fi 4 mìíràn kún un, Òṣòdì-Ìsọlọ̀ sì bọ́ sínú ìyẹn. Ọlọ́kadà Alímọ̀ṣọ́ kò wá lè gbé yín dé ẹnu ọ̀nà pápákọ̀ láì rú òfin. Bọ́ọ̀sì BRT tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Abúlé-Ẹ̀gbá sí Òṣòdì ní 2020 ní ojú ọ̀nà tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó sì dáa púpọ̀, àmọ́ kì í wọ inú pápákọ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń ronú òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n á ní ẹ jẹ́ káwọn lọ sùn síbi táwọn máa fẹsẹ̀ rìn dé ibi tí bálùù wà láàárọ̀. Èrò yìí dáa, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, nítorí orúkọ lásán ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ.

Ẹ wo Lagos Airport Hotel tó wà ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ Way, n'Ikẹjà. Iléeṣẹ́ Odu'a ló ni ín, òtẹ́ẹ̀lì tó lórúkọ tó sì ti pẹ́ ni. Àmọ́ nítorí pé wọ́n fi 'Airport' sí i lórúkọ, àlejò lè rò pé bóun bá ṣílẹ̀kùn báyìí, bálùù lòun máa rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọkọ̀ lẹ máa wọ̀ látibẹ̀. Sheraton tó wà ní Mọbọ́lájí Bank Anthony Way náà, ọkọ̀ lẹ máa wọ̀. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì kéékèèké tó wà ní Àjàó Estate àti Máfólúkù sún mọ́ ọn ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ fẹsẹ̀ rìn nínú òkùnkùn pẹ̀lú àpótí méjì lójú ọ̀nà tí kò ní ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó já gaara? Èyí tó sún mọ́ pápákọ̀ jù nínú àwọn ńlá ni Legend Hotel, tó ń lo orúkọ Hilton. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn olówó ti ń wọ bálùù aládàáni ló wà. Owó ibẹ̀ náà, ti àwọn olówó ni.

Èyí tó yẹ kó jẹ́ ti gbogbo wa ni wọn ò parí. Lẹ́yìn tí iná jó ilé tí wọ́n ti ń wọ bálùù abẹ́lé ní ọdún 2000, ìjọba àpapọ̀ gbé iṣẹ́ tuntun fún iléeṣẹ́ Bi-Courtney ti Wálé Babalákin ní 2003. Wọ́n kọ́ MMA2, wọ́n sì ṣí i ní 2007. Òtẹ́ẹ̀lì àti gbọ̀ngàn ìpàdé wà nínú ètò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ MMA2 níbẹ̀, tí èèyàn á kàn jí, á wẹ̀, á sì rìn lọ wọ bálùù. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà lóòótọ́. Àmọ́ ìjà dé láàárín iléeṣẹ́ náà àti FAAN, àjọ tó ń bójú tó pápákọ̀. Ọ̀kan ní ọdún 36 ni àdéhùn náà, èkejì ní ọdún 12 ni. Wọ́n gbé ara wọn dé kóòtù. Nígbà tí MMA2 fi pé ọdún 15 ní 2022, ilé òtẹ́ẹ̀lì yẹn ṣì wà ní àìparí. Níbi tí erin méjì ti ń jà, koríko ló ń fara gbá a, èrò ọkọ̀ sì ni koríko níbí.

Ohun tó tún ń dunni ni pé Schiphol, pápákọ̀ ìlú Amsterdam, ni wọ́n wò kọ́ ilé pápákọ̀ òkè òkun wa tí wọ́n ṣí ní 1979. Ní Schiphol, òtẹ́ẹ̀lì wà tí èèyàn ń gba abẹ́ òrùlé rìn dé láti inú pápákọ̀, òjò kò ní í pa á. Àwòrán ilé ni wọ́n kó wálé, wọn ò kó òtẹ́ẹ̀lì. Ní Heathrow ìlú London, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ló so Sofitel pọ̀ mọ́ Terminal 5. Ká má tiẹ̀ dé òkè òkun, ní Accra tó wà nítòsí wa níbí, Holiday Inn àti Marriott wà ní Airport City, ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn débẹ̀ láti pápákọ̀.

Kí ló wá kù fún ará Pleasure? Bó bá jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni, tí ara yín le, tí ẹrù yín kò pọ̀, ilé yín ló dáa jù. Ẹ bá dírẹ́bà tí ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀ lálẹ́, kí ẹ sì kúrò nílé ṣáájú kí ojú ọ̀nà tó dí. Owó òtẹ́ẹ̀lì alẹ́ kan lè ju owó ọkọ̀ yẹn lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé Ìgàndò lẹ ti ń bọ̀, tàbí ìyá àgbàlagbà ni ẹ fẹ́ sìn lọ, tàbí ọmọ ọwọ́ wà lẹ́yìn yín, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ti òkè òkun tó gba owó gọbọi, ẹ má ṣe ṣahun. Owó alẹ́ kan kò tó owó tíkẹ́ẹ̀tì tó jóná. Ẹni tí bálùù rẹ̀ bá sì balẹ̀ láago 11 alẹ́, òun náà á ṣe dáadáa bó bá sùn nítòsí kí ilẹ̀ fi mọ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta. Àkọ́kọ́, pápákọ̀ wo ni wọ́n sún mọ́? Ibi tí wọ́n ti ń wọ ti òkè òkun àti MMA2 kò sí lójú kan náà, wọ́n sì ṣí ilé tuntun fún ti òkè òkun ní 2022. Ẹni tó bá sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ òfo. Èkejì, ṣé wọ́n ní ọkọ̀ tó máa gbé èrò lọ láago 4 ìdájí, ṣé ọ̀fẹ́ sì ni àbí owó? Ìkẹta, ta ló máa jí yín, ta ló sì máa ṣí géètì?

Òkèèrè ni olójú jínjìn ti í mẹ́kún sun. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti ṣètò, nítorí ẹni tó bá dúró di àárọ̀, Dópẹmú ló máa wà tí bálùù rẹ̀ á fi kọjá lórí rẹ̀.