Oògùn Tí Ń Mú Ẹyin Obìnrin Dàgbà

Tọkọtaya tí dókítà bá ní kí àwọn gbé àtọ̀ ọkọ sínú ilé ọmọ ìyàwó, oògùn ló sábà máa ń ṣáájú iṣẹ́ náà. Clomiphene tàbí letrozole ni, oníhóró ni méjèèjì. Ọjọ́ 5 ni obìnrin ń lò ó, lẹ́yìn tí nǹkan oṣù bá ti dé, kí ẹyin lè dàgbà kó sì jáde. Bí hóró ò bá ṣiṣẹ́, abẹ́rẹ́ ló kàn.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ni kí èèyàn lọ rà á fúnra rẹ̀ ní kẹ́míìsì nítorí pé aládùúgbò lò ó tó fi bí ìbejì. Ìbẹta náà ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ yìí, oyún bẹ́ẹ̀ sì léwu fún ìyá àtọmọ. Ìdí nìyí tí dókítà fi ń fi ẹ̀rọ wo inú: bí ẹyin bá pọ̀ jù, wọ́n á dá iṣẹ́ oṣù yẹn dúró. Ikùn tó ṣàdédé wú, èémí tó ń há, ìtọ̀ tó dín kù, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ọkọ ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ kí ìyàwó tó gbé hóró kan mì. (Àwọn ọkọ wa máa ń sá fún èyí!) Oògùn obìnrin kì í wo àtọ̀ tí kò lágbára.

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fiqh àgbáyé tó jókòó ní Amman lọ́dún 1986 fàyè gba ọ̀nà yìí, bó bá jẹ́ àtọ̀ ọkọ fún ìyàwó rẹ̀ nìkan. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sára ike àtọ̀ náà lójú yín.