Ẹgbẹ́ Rotary, Owó Tí Ó Ń Kó Jọ, àti Àrùn Rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀

Kò sí ìlú kan ní ilẹ̀ wa tí kò ní ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ alájọ wà, ẹgbẹ́ ọdẹ wà, ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ wà, àwọn tí ó jọ lọ sí ilé ìwé kan náà sì ń ṣe tiwọn pẹ̀lú. Púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ wọ̀nyí wà fún àǹfààní àwọn tí ó wà nínú wọn: bí ọmọ ẹgbẹ́ bá ń ṣe òkú, ẹgbẹ́ yóò wọ ẹgbẹ́jọdá wá bá a, bí ó bá kọ́ ilé, ẹgbẹ́ yóò bá a ṣí i. Kò sí ohun tí ó burú nínú èyí. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ ni ó ń ṣiṣẹ́ fún. Ọ̀kan nínú wọn ni Rotary, a sì fẹ́ sọ bí ó ti ń kó owó jọ, àti ohun tí owó náà ti ṣe fún àwọn ọmọ ilẹ̀ wa.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 1905 ni agbẹjọ́rò kan tí à ń pè ní Paul Harris bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta pàdé ní ọ́fíìsì ọ̀kan nínú wọn, ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà. Ohun tí wọ́n ń wá ni ọ̀rẹ́, nínú ìlú ńlá tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹnìkejì rẹ̀. Wọ́n ń yí ìpàdé káàkiri, ní ọ́fíìsì ẹni yìí ní ọjọ́ kan, ní ti ẹlòmíràn ní ọjọ́ mìíràn. Láti inú yíyí yìí ni orúkọ náà ti jáde wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, a kò lè sọ pé wọ́n sàn ju ẹgbẹ́ tiwa lọ, nítorí òwò ara wọn ni wọ́n ń gbé ga. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ọdún 1907, wọ́n dìde láti rí i pé a kọ́ ilé ìgbẹ́ fún gbogbo ènìyàn ní àárín ìlú Chicago. Èyí ni a kà sí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Rotary ṣe fún ará ìlú. Ẹlòmíràn lè fi í rẹ́rìn-ín. Kí olùkà jọ̀wọ́ fi ọ̀rọ̀ ilé ìgbẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó padà sí i.

Ní ọdún 1917, ààrẹ wọn, Arch Klumph, dá a lábàá pé kí a ní àpò kan tí a ó máa fi ṣe rere káàkiri ayé. Ní ọdún kejì rẹ̀ ni owó àkọ́kọ́ wọ inú àpò náà, láti ọwọ́ ẹgbẹ́ ìlú Kansas City: dọ́là 26 àti ààbọ̀. Àpò tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú dọ́là 26 yìí ni ó wá di èyí tí a ti fi ju bílíọ̀nù 2 dọ́là lọ gbógun ti àrùn kan ṣoṣo.

Ní Nàìjíríà, Rotary ti wà láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, a sì ń rí àmì rẹ̀, àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín, lára kànga, lára ilé ìwé, àti lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdọọdún ni ẹgbẹ́ ìlú kọ̀ọ̀kan máa ń bẹ̀rẹ̀ ọdún tuntun, ọdún kan ni a sì sábà máa ń jẹ ààrẹ. Ọmọ ẹgbẹ́ ń san owó tirẹ̀. Nínú ìpàdé púpọ̀, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti bu ìtanràn kékeré lé ẹni tí ó pẹ́ dé tàbí ẹni tí ó gbàgbé àmì ẹgbẹ́ sílé. Pẹ̀lú ẹ̀rín ni a fi ń gbà á. Ní tòótọ́, ohun kan wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí àwọn akápò ìjọ wa kíyèsí. Ẹgbẹ́ tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní àpò méjì: èyí tí ọmọ ẹgbẹ́ fi ń bọ́ ara wọn tí wọ́n sì fi ń ra ìwé àti tàdáwà, àti èyí tí a gbà lọ́wọ́ ará ìlú. Owó ará ìlú kò gbọdọ̀ kọjá sí àpò kìíní, ì báà ṣe kọ́bọ̀ kan.

Ọjọ́ tí a ń fi ààrẹ tuntun jẹ ni ọjọ́ ìkówójọ ńlá fún ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ wa. Mo ti jókòó sí irú àpèjẹ bẹ́ẹ̀. Olùdarí ètò yóò gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, yóò máa ki àwọn ọlọ́lá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹni tí a bá kì yóò dìde, yóò dárúkọ iye tí yóò san, ìlù yóò sì dún. Ó dùn mọ́ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a bá kéde ní ọjọ́ kejì pé báyìí báyìí ni owó tí ó wọlé, kí á bèèrè pé èló ni a fi yá gbọ̀ngàn, èló ni a fi se ìrẹsì, àti èló nínú ìlérí náà ni ó ti di owó lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí nínú ìkórè àti básà tiwa. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bínú sí mi.

Ìbéèrè mìíràn tún wà, èyí tí ó wúwo ju ti owó lọ. Ẹgbẹ́ kan, tí èmi kì yóò dárúkọ, gbẹ́ kànga ẹ̀rọ fún abúlé kan tí mo ti ṣe olùkọ́ rí. Ní ọjọ́ ìṣílé, a jó, a ya àwòrán, a sì kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára ògiri pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀rọ náà kò fa omi mọ́. Àwọn ọmọ ilé ìwé mi tún gbé korobá, ó di odò, níbi tí màlúù ti ń mu omi. Mo tọ Baálẹ̀ lọ, wọ́n sì dá mi lóhùn pé, “Tíṣà, ẹ má bínú, kànga àwọn ẹlẹ́gbẹ́ ni, kì í ṣe tiwa.” Oṣù mẹ́rin ni a fi wà bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn, àwọn ìyá tí ń ta gàrí dá owó jọ, wọ́n sì ránṣẹ́ pe ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ. Rọ́bà kan péré ni ó ti jẹ. Láti ọjọ́ náà ni ìyá kan ti ń gba owó kékeré lọ́wọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ní oṣooṣù, Baálẹ̀ pàápàá sì ń pè é ní kànga wa.

Ó dà bí ẹni pé àwọn àgbà Rotary pẹ̀lú ti rí irú nǹkan báyìí. Nínú ètò owó ńlá wọn, níbi tí ẹgbẹ́ ilẹ̀ méjì ti máa ń pawọ́ pọ̀, tí iṣẹ́ náà kò sì gbọdọ̀ dín ní 30,000 dọ́là, wọ́n fi òfin kan kún un ní ọdún 2018: ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ bèèrè lọ́wọ́ ará ìlú ohun tí wọ́n ṣe aláìní, kí ó tó kọ̀wé béèrè owó.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí á bọ́ sórí iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ. Àwọn baba wa kò ṣèṣẹ̀ mọ àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ fi ohun tí ó ń ṣe hàn. Ọmọ tí ó ń sáré lánàá yóò ní ibà, ọrùn rẹ̀ yóò le, nígbà tí yóò bá fi di ọjọ́ mélòó kan, ẹsẹ̀ kan yóò ti rọ bí okùn. Kò sí òògùn tí ó lè dá ẹsẹ̀ náà padà. Inú ìgbẹ́ ni kòkòrò rẹ̀ ti ń jáde, inú omi àti ọwọ́ tí a kò fọ̀ ni ó ń gbà dé ẹnu ọmọ mìíràn. Ẹ rántí ilé ìgbẹ́ Chicago. Ohun tí ó wá jẹ́ kí àrùn yìí ṣòro láti mú ni pé, nínú bí 200 ènìyàn tí kòkòrò náà bá wọ inú wọn, ẹyọ kan péré ni yóò rọ. Púpọ̀ nínú àwọn yòókù kò ní àmì kan tí ènìyàn lè mọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń tàn án ká. Nítorí náà, bí ìyá kan bá wí pé, “Ọmọ tèmi le koko, kò nílò òògùn,” òótọ́ ni ó lè máa sọ nípa ọmọ rẹ̀, síbẹ̀ kí ọmọ náà jẹ́ ẹni tí ó mú un dé ilé aládùúgbò.

Ní ọdún 1979 ni Rotary bẹ̀rẹ̀ sí í ra òògùn àjẹsára fún àwọn ọmọ ní ilẹ̀ Philippines, nǹkan bí mílíọ̀nù 6 ọmọ. Nígbà tí èyí yọrí sí rere, ní ọdún 1985 wọ́n jẹ́jẹ̀ẹ́ láti wá mílíọ̀nù 120 dọ́là fún gbogbo ayé. Nígbà tí ó fi di 1988, mílíọ̀nù 247 ni wọ́n ti kó jọ. Ní ọdún náà gan-an ni Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn ìjọba pinnu láti pa àrùn náà rẹ́. Ní àkókò náà, ó ju ilẹ̀ 125 lọ tí àrùn náà ti fìdí kalẹ̀ sí, a sì gbà pé ó ń rọ àwọn ọmọ bí 350,000 ní ọdún kan.

Báwo ni a ti ń rí irú owó bẹ́ẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni. Ẹgbẹ́ kan yóò se oúnjẹ tà, òmíràn yóò rin ìrìn àjò ẹsẹ̀ tàbí gun kẹ̀kẹ́ kí àwọn ènìyàn lè san owó lé e. Èyí tí mo fẹ́ràn jùlọ ni ti àwọn ọmọ ilé ìwé. Nígbà tí a bá ń kán òògùn káàkiri ilé, a máa ń fi tàdáwà kun ìka kékeré ọmọ tí ó ti gbà á, kí a má baà padà sí i. Àwọn Rotary ní Amẹ́ríkà mú àpẹẹrẹ yìí, wọ́n ní kí ọmọ tí ó bá mú dọ́là kan wá jẹ́ kí a kun ìka tirẹ̀ náà ní elésè àlùkò. Kò sì tán síbẹ̀. Ní ọdún 2017, àjọ Bill Gates ṣe àdéhùn pé bí Rotary bá kó mílíọ̀nù 50 dọ́là jọ ní ọdún kan, àwọn yóò fi mílíọ̀nù 100 kún un. Dọ́là ọmọ náà wá di mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n owó nìkan kò lè ṣí ilẹ̀kùn. Ní ọdún 2003, àhesọ tàn ní apá òkè ọya pé òògùn náà yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn, ìjọba ìpínlẹ̀ Kano sì dá a dúró. Ẹ rò ó wò: ààrẹ Rotary gbogbo ayé láti oṣù Keje 2003 sí oṣù Kẹfà 2004 ni agbẹjọ́rò Jonathan Majiyagbe, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó dé ipò náà, ọmọ ẹgbẹ́ Rotary ti Kano fúnra rẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ tí ń ra òògùn fún ayé ti Kano wá, Kano sì ti ilẹ̀kùn. Nǹkan bí ọdún kan kọjá kí a tó tún bẹ̀rẹ̀, ní ìparí oṣù Keje 2004, pẹ̀lú òògùn tí a ṣe ní Indonesia, ilẹ̀ tí àwọn Mùsùlùmí pọ̀ sí. Kòkòrò tí ó ti ilẹ̀ wa jáde ti tàn dé ilẹ̀ tí ó ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ kí a tó rí i ká.

Àwọn ọba àti àlùfáà Mùsùlùmí bẹ̀rẹ̀ sí í kán òògùn sí ẹnu ọmọ ní gbangba. Àwọn tí àrùn náà ti sọ di arọ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, kí ìyá lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí à ń sọ. Àwọn obìnrin tí ń gbé àpótí yìnyín kiri nínú oòrùn ni mo rò pé ìyìn tọ́ sí jùlọ. Ní oṣù Kejì ọdún 2013, àwọn oníbọn pa ó kéré tán mẹ́sàn-án nínú wọn ní Kano. Àwọn yòókù kò fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Ní ọdún 2012, ọmọ 122 ni àrùn náà rọ ní Nàìjíríà, ó ju ìdajì ti gbogbo ayé lọ. Ní 2013, 53. Ní 2014, 6. Ní 2015, kò sí ẹyọ kan, a sì ti ń yọ̀, àfi bí a ti tún rí mẹ́rin ní Borno ní 2016, níbi tí ogun kò ti jẹ́ kí àwọn olùkán-òògùn wọlé. A tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 ni a kéde pé kòkòrò àbáláyé náà ti kúrò ní ẹkùn Áfíríkà ti Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí èyí pa káàdì ọmọ rẹ̀ tì. Kòkòrò tí a ti sọ di aláìlera nínú òògùn ẹlẹ́nu lè tún gba agbára padà níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò bá ti gbà á, bí ó bá ń kiri láàárín wọn fún ìgbà pípẹ́. Irú èyí ni ó rọ ọmọ tí ó ju 400 lọ ní Nàìjíríà ní ọdún 2021. Ọmọ tí ó ti gbà á pé ní ààbò púpọ̀. Ọjọ́ tí a bí ọmọ ni a ń kán ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọ̀sẹ̀ kẹwàá àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà àti ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá, a tún ń gún un ní abẹ́rẹ́ ní itan, ọmọ yóò sì ké. Kí ìyá má ṣe tìtorí igbe náà sá. Bí àwọn olùkán-òògùn bá sì tún kan ilẹ̀kùn yín lẹ́yìn èyí, ẹ gbé ọmọ jáde, kódà bí ó ti gba gbogbo rẹ̀ pé, nítorí àgbàkún kì í pa á lára.