Ìwé Ìlàlóye: Bí A Ṣe Ń Ṣí JavaScript fún Ìkànnì tí A Fọkàn Tán

Fún gbogbo ará Sùúrùlérè, Yábàá àti Múṣin

Láti ìgbà tí wíwo èsì WAEC àti sísan owó orí ti di ohun tí à ń ṣe lórí ayélujára, kò ṣọ̀wọ́n mọ́ kí òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní káfẹ̀ kan ní Yábàá, kí ó tẹ bọ́tìnì títí, kí fọ́ọ̀mù má mira, kí ó sì gbà pé nẹ́tíwọ̀kì ló burú, nígbà tó jẹ́ pé JavaScript ni ẹnì kan ti tì pa.

Kí ni JavaScript?

Èdè ni, tí Brendan Eich ṣẹ̀dá ní ọdún 1995, tí ìkànnì fi ń pàṣẹ fún búráúsà wa, irú bíi Chrome. Òun ló ń jẹ́ kí orúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ jáde bí a bá ti mú ìpínlẹ̀ wa, òun náà ló sì ń sọ pé nọ́ńbà fóònù tí a kọ kò pé. Ṣùgbọ́n gbogbo aláǹgbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ohun tí ìkànnì rere fi ń ràn wá lọ́wọ́ gan-an ni ọ̀dáràn lè fi jí nọ́ńbà káàdì ATM tí a tẹ̀ sójú ìwé. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń tì í pa pátápátá. Bí ó bá sì di dandan kí a ṣí i, ẹni tí a mọ̀ nìkan ni kí a ṣí i fún.

Bí a ṣe ń ṣí i nínú Chrome lórí kọ̀ǹpútà

1. Ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè lápá ọ̀tún, kí ẹ mú Settings.
2. Ẹ mú Privacy and security, lẹ́yìn náà Site settings, kí ẹ wá JavaScript.
3. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Allowed to use JavaScript, ẹ tẹ Add, kí ẹ kọ àdírẹ́sì ìkànnì náà gẹ́lẹ́ bí ó ṣe wà, kí ẹ sì tún tẹ Add.
4. Ẹ padà sí ìkànnì náà, kí ẹ tún un ṣí.

Ta ni kí a fọkàn tán?

Ẹ ka àdírẹ́sì dé ìparí. Ti ilé-iṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà sábà máa ń parí sí gov.ng, bíi jamb.gov.ng; bí ẹ bá rí i pé dọ́ọ̀tì àti orúkọ mìíràn tún tẹ̀ lé gov.ng, ẹ sá fún un. WAEC, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yábàá níbí, ń lo waecdirect.org fún èsì, tí kò parí sí gov.ng rárá, nítorí náà, ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gba àdírẹ́sì, kì í ṣe nínú àtẹ̀jíṣẹ́ ẹni àìmọ̀ lórí WhatsApp. Àmì àgádágodo tí àwọn búráúsà kan ń fi hàn kò sọ ju pé ẹlòmíràn kò lè yọjú wo ohun tí à ń fi ránṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ìkànnì olè pàápàá lè ní in.

Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà káfẹ̀

Bí iṣẹ́ bá parí, ẹ jáde kúrò nínú àkáǹtì yín, ẹ má gbà kí kọ̀ǹpútà náà tọ́jú páásíwọ́ọ̀dù yín, ẹ má sì ṣe fi ìwé tí NIN yín wà lára rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.